Lílọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ sópin ni fóònù mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀rẹ́ láti Èkó, ìbátan ìyàwó mi láti London, gbogbo wọn ń lọ sí Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí. Mo kó ìdáhùn jọ síbí kí n má baà máa tún un sọ.

Kí ló wà ní Ìtòkú gan-an?

Àdìrẹ ni. Àárín ìlú Abẹ́òkúta ni ọjà náà wà, ó sì ṣòro kéèyàn tó rí ọjà àdìrẹ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ kàn tó o nílẹ̀ Yorùbá. Ṣọ́ọ̀bù to ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì, ó tún wọnú kọ̀rọ̀ lọ. Aṣọ rọ̀ sókè, aṣọ wà ní kíká lórí tábìlì, àwọn géńdé sì wà níbi ibòòji tí wọ́n ń fi kùmọ̀ igi lu aṣọ kó lè dán. Ẹ lè kọ́kọ́ gbọ́ ìró kùmọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó rí aṣọ kankan.

Ìdí tí mo fi ń ní kí wọ́n ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ni pé àdìrẹ nìkan kọ́ ló wà ládùúgbò yẹn. Òkúta Olúmọ ò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Aké, níbi tí ààfin Aláké àti ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ò bá dùn lè fẹsẹ̀ rìn ín.

Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Ọkọ̀ ojú irin lèmi fẹ́ràn jù. Láti 2021 ni irin tuntun ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ará Èkó á wọ̀ ọ́ ní Èbúté-Mẹ́ta, ará Ìbàdàn á wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà, kí àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ ní Láderin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Ẹ má tíì rò pé ẹ ti dé o. Ẹ̀yìn ìlú ni Láderin wà. Ẹ ṣì máa wọ mọ́tò wá sí Kútọ̀, kẹ́ ẹ tó tibẹ̀ gba Ìtòkú lọ.

Ẹ wo aago tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa gbéra kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ná ọjà títí ọkọ̀ fi lọ, owó tó rò pé òun jèrè lórí aṣọ ọ̀pá márùn-ún, hòtẹ́ẹ̀lì ló gbà á.

Ẹni tó bá bá mọ́tò wá láti Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáréèjì Kútọ̀ ni wọ́n máa já a sí. Bí ẹ bá ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, ẹ pe orúkọ Ìtòkú. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ọjà àdìrẹ", torí Àsẹ́rò náà ń ta àdìrẹ.

Ọjọ́ wo ló dára jù?

Láti ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi, púpọ̀ nínú wọn á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kó tó aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kẹ́ ẹ ti wà nílùú, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gun Olúmọ kí oòrùn tó mú òkúta, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́jà. Àwọn tó bá kọ́kọ́ lọ sọ́jà kì í gun òkè mọ́, ẹrù á ti wúwo lọ́wọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ má ná ohun tẹ́ ò ní rà. Oníbàárà àkọ́kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn ọjà. Bí ẹ bá wá tú aṣọ ogún kalẹ̀, tẹ́ ẹ sì jáde lọ́wọ́ òfo, ẹ ti ba ojúmọ́ ìyá náà jẹ́.

Nígbà òjò, ẹ fi aṣọ símú kẹ́ ẹ tó sanwó. Aṣọ tí oòrùn ò rí dáadáa tí wọ́n ti ká a máa ń rùn, òórùn yẹn kì í sì tètè lọ.

Ṣé dandan ni kí n gun Olúmọ?

Kò sẹ́ni tó máa nà yín bí ẹ ò bá gùn ún, àmọ́ abẹ́ òkúta yẹn ni ìlú ti gba orúkọ. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò nílé dé ibẹ̀. Ihò àpáta náà ni wọ́n sá sí, wọ́n sùn níbẹ̀, wọ́n dáná níbẹ̀. Ojú ibi tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan sára òkúta ṣì wà níbẹ̀ di òní, ó jìn wọnú bí àwo. Ẹ fi ọwọ́ kàn án. Èmi ò tíì rí ohun tó sọ ìtàn ogun fún mi tó ibi tó jìn wọnú yẹn.

Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i, àtẹ̀gùn sì wà. Ẹ múra sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ dúpẹ́. Bí ara yín bá le, ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín òkúta méjì ni kẹ́ ẹ tọ̀. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílípáàsì sílé. Láti òkè lẹ ó ti rí Abẹ́òkúta bó ṣe rí: pàánù tó ti dógùn-ún lọ salalu, ilé ìjọsìn láàárín wọn, odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán.

Ojúbọ wà lórí òkè náà, wọ́n sì ṣì ń bọ ọ́. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè.

Kí ló tún wà nítòsí tó yẹ ní wíwò?

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní January 1843, ó padà wá ní 1846 pẹ̀lú Àjàyí Crowther. Ọdún 1846 yẹn náà ni Crowther pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, 1898 ni wọ́n parí rẹ̀. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá.

Ààfin Aké wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iwájú rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ jókòó ní 1947 nítorí owó orí, àwọn ọlọ́jà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó fi máa di January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi orí oyè sílẹ̀. Ó padà dé ní ìparí 1950. Bí ẹ bá wá dé Ìtòkú tẹ́ ẹ rí bí àwọn ìyá yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, ẹ ti mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ère Ẹfúnróyè Tinúbú wà ní Ìta Ìyálóde. Òun ni Ìyálóde àkọ́kọ́ fún gbogbo Ẹ̀gbá, ní 1864, ọdún tí àwọn Dahomey tún kógun wá tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn padà. Ilé ìkàwé Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mosàn náà dáa, àmọ́ kò sí nítòsí. Ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn.

Kí ni mo lè jẹ?

Láfún, ẹ jọ̀ọ́. Ìlú Ẹ̀gbá lẹ wà. Kí wọ́n bu ewédú àti ọbẹ̀ ata lé e. Ẹni tó bá lọ jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ní Abẹ́òkúta, kó má sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ìrẹsì ọ̀fàdà ni, ìyẹn ò burú.

Ṣé wọ́n ń gba káàdì?

Púpọ̀ nínú wọn ń gba owó sí àkáǹtì, àwọn POS sì wà káàkiri. Ẹ ṣì mú owó lọ́wọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú, ẹ̀yin àti ìyá aláṣọ á jọ máa wo ojú fóònù bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àdìrẹ àti kàǹpálà?

A dì í, a rẹ ẹ́: orúkọ àdìrẹ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tí wọ́n fi ìko dì ni àdìrẹ oníko. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀ kó tó wọnú aró ni alábẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí lára, kí aró má baà wọ ojú ibẹ̀, ni ẹlẹ́kọ. Àdìrẹ àtijọ́ kì í kúrò lórí búlúù àti funfun, láti búlúù ojú ọ̀run dé èyí tó dúdú tó ń tàn.

Kàǹpálà ni wọ́n sábà máa ń pe ti ìsinsìnyí tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ tàbí okùn ṣe. Àwọn aláṣọ kan máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní àdìrẹ. Ẹ má bá wọn jà lórí orúkọ. Ẹ sáà béèrè pé, "Kí lẹ fi ṣe é? Àbẹ́là àbí ẹ̀kọ?" Ìbéèrè yẹn nìkan á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kì í ṣe òpè.

Ṣé òótọ́ ni pé àwòrán ara wọn lórúkọ?

Òótọ́ ni. Ìbàdàndùn ló gbajúmọ̀ jù nínú ẹlẹ́kọ, òpó ilé Mápó tó wà ní Ìbàdàn lẹ ó rí lára rẹ̀. Ọlọ́ba wà, èyí tó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún àti ìyàwó rẹ̀, tó jáde nítorí àjọ̀dún ọdún 25 tí ọba náà lò lórí oyè ní 1935. Olókun wà, Sùnbẹ́bẹ wà, Òṣùbàmbà wà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rí ọmọ Ẹ̀gbá tó ń polówó Ìbàdàndùn ní Ìtòkú, àmọ́ ajé ò mọ ìlú.

Báwo ni mo ṣe máa ná ọjà láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ?

Ẹ kí wọn. Ẹ kí wọn dáadáa. "Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọgbá." Ẹ jókòó bí wọ́n bá fún yín ní bẹ́ǹṣì. Àjèjì tó bá wọlé tó ń nàka sí aṣọ pé "Èló?", iye àjèjì ni wọ́n máa pè fún un.

Àwọn kan máa ń sọ pé kẹ́ ẹ gé iye tí wọ́n bá pè sí méjì. Èmi ò gbà. Ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ béèrè iye irú aṣọ kan náà, ojú ọjà á hàn sí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó dá yín lóhùn dáadáa jù, kẹ́ ẹ ra púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ dípò kẹ́ ẹ máa ra ọ̀kọ̀ọ̀kan kiri. Bí ìyá bá ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ fẹ́ kí n jèrè ni?", tó sì ń rẹ́rìn-ín, àyè ṣì wà. Bí ò bá rẹ́rìn-ín mọ́, tó sì ti ń ká aṣọ rẹ̀, ẹ ti dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀pá mélòó ló wà nínú ọ̀kan?

Ọ̀pá márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ká pọ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀pá mẹ́rin náà sì wà. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín. Kì í ṣe ìwà àìfọkàntánni, àwọn fúnra wọn á mú ọ̀pá jáde. Nígbà kan, télọ̀ mi tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, mẹ́rin àti díẹ̀ nìyí o." Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọ ṣòkòtò kan tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀ nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀?

Ìbéèrè tó ń fa ariwo jù nìyí, torí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí láti Ṣáínà ti wọ ọjà, ó sì wà ní Ìtòkú pàápàá.

Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Aró máa ń gba inú aṣọ kọjá, torí náà ojú àti ẹ̀yìn oníko àti alábẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá bí ìwé tí yíǹkì ò ràn dé òdì kejì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí: ẹlẹ́kọ ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, kí àwòrán ibẹ̀ má sì hàn gaara. Mo ti rí ẹni tó da ẹlẹ́kọ gidi nù nítorí èyí, tó wá ra ti ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àwòrán kan náà níbi méjì lára aṣọ kan ṣoṣo. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba dé orí ẹ̀kán tó kéré jù, kò sọ́wọ́ èèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ a máa gbọ̀n, ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ a máa gbẹ láàárín ọ̀nà. Lára oníko tuntun, ẹ ó rí ibi tí aṣọ ti hunjọ níbi tí wọ́n so. Lára alábẹ́rẹ́, ẹ ó rí ihò wínníwínní tí abẹ́rẹ́ gbà.

Ẹ tún béèrè pé, "Ta ló ṣe é?" Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀, tàbí tí àbúrò rẹ̀ ṣe é, kì í lè dákẹ́.

Ṣé wọ́n ṣì ń lo èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró?

Díẹ̀ ló kù. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró yẹn, bí ewé tó ń pọ́n ló ṣe máa ń rí. Ojú yín ni afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ ẹ tó máa di búlúù. Wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún fà á jáde, títí á fi dúdú bí aláró bá ṣe fẹ́.

Púpọ̀ nínú aṣọ tẹ́ ẹ máa rí, aró òyìnbó àti sódà ni. Ẹni tó bá sọ pé ìbàjẹ́ òde òní nìyẹn, kó gbọ́ èyí: àwọn aláró Abẹ́òkúta ti ń jà lórí sódà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Aláké Adémọ́lá fòfin dè é, àwọn aláró tó ń lò ó kọ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936.

Ṣé àdìrẹ máa ń ṣá? Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́?

Ó máa ń jáwọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti fọ bùbá àdìrẹ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sílé àna mi. Mo wọ búlúù lọ.

Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, òun nìkan nínú bàsíà. Ẹ máa fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, kẹ́ ẹ yí òdì rẹ̀ síta. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí i. Èmi ti fi í sí i rí, mi ò rí ohun tó yàtọ̀.

Ṣé mo lè wo bí wọ́n ṣe ń pa á láró, kí n sì ya fọ́tò?

Bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n lè mú yín lọ. Agboolé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe é, kì í ṣe ojú títì. Ẹ wọ aṣọ tẹ́ ò kọ̀ kó bàjẹ́, kẹ́ ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú, torí sódà máa ń jó ara. Bí wọ́n bá fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé nǹkan fún yín, ẹ ra nǹkan tàbí kẹ́ ẹ fún wọn lówó omi.

Ní ti fọ́tò, ènìyàn rọrùn ju aṣọ lọ. Ìyá kan lè gbà kẹ́ ẹ ya òun, kó sì kọ̀ kẹ́ ẹ ya iṣẹ́ tuntun tó gbé kọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé kí wọ́n má lọ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀tọ́ ló ní.

Mo fẹ́ ṣe aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ṣé wọ́n lè bá mi ṣe é?

Wọ́n lè ṣe é, àmọ́ ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Aró ìkòkò tòní kì í dọ́gba pátápátá pẹ̀lú ti ọ̀la. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan fún yín wò, kẹ́ ẹ gé etí rẹ̀ kan mọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn láti máa wò ṣe. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa pín in rẹ, kí àwọn tí wọ́n bá rẹ pọ̀ lè lọ sí ìdílé kan náà. Ìyàwó àti ẹbí rẹ̀ lè dúdú díẹ̀ ju ẹbí ọkọ lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi kún iye tẹ́ ẹ nílò, torí ẹ̀gbọ́n kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun náà ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ni, ẹ fún wọn láyè tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n béèrè lọ. Ẹ má san gbogbo owó kí aṣọ tó jáde.

Mo ti délé, ẹnì kan sì ní ẹ̀rọ ló tẹ èyí tí mo rà. Kí ni mo lè ṣe?

Bó bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún yín pé ọwọ́ ni, tẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà aláṣọ, ẹ ya ẹ̀yìn aṣọ náà ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ ò bá tíì gé e. Alágbàtà lòun náà, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tàn jẹ.

Bí wọn ò bá sì purọ́ fún yín, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ò béèrè, ẹ rán an, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa yí etí aṣọ yín wò lóde àríyá, àfi èmi.